Kí Ló Dé Tí Bàálù Yìí Fi Yọ Iké?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọdé ló sì dá a sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú ló máa ń yà sí, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, á máa ṣa àjákù aṣọ jọ láti fi rán nǹkan fún bèbí rẹ̀. Fọ́tò màmá wa wà lára ògiri níbẹ̀, torí pé tiwọn ni ṣọ́ọ̀bù náà kó tó di tèmi. Jeddah ni ẹnìkan ti bá wọn yà á ní 1998, nígbà tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn bàálù, aṣọ funfun lára, báàgì lọ́wọ́, oòrùn ò jẹ́ kí wọ́n la ojú dáadáa. Bàálù náà wà lẹ́yìn wọn, ó kún fọ́tò débi pé a ò rí ìrù rẹ̀.

"Dádì Ìtòkú," ọmọ náà pè mí, "kí ló dé tí bàálù Màmá yìí fi yọ iké?"

Mo gbójú sókè kúrò lórí iṣẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí fọ́tò yẹn ti ń wò mí, tí èmi náà ń wò ó, n kò rí iké kankan rí. Lóòótọ́ ni. Orí rẹ̀ lápá iwájú yọ gọnbu, ó wá rọra ń rọ̀ sílẹ̀ lọ sẹ́yìn bí èjìká ẹni tó ti ru ẹrù pẹ́. Mo ní, "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn." Ó wò mí, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Ọlọ́run kọ́ ló dá bàálù, sà."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé fóònù, mo ń wá ìdáhùn. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà mí. Bí mo bá ń gé aṣọ, mo ń rò ó; bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gba ariwo kan, mo ń rò ó. Ìyàwó mi tilẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú lọ́jọ́ ogbó ni.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, ẹ má rò pé mò ń fi iké ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni òrìṣà ni abuké nílẹ̀ wa, Ọbàtálá ló ni í. Alhájà ni màmá mi, wọn ò bá ẹnikẹ́ni bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi abuké rẹ́rìn-ín lójú wọn, ìgbájú ló máa fi jẹun alẹ́. Wọ́n á ní ẹni tó mọ ọ́n ló mọ ìdí tó fi mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yìí ló padà sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn wo ló mọ bàálù yìí, kí sì nìdí tí wọ́n fi mọ ọ́n báyìí?

Ọmọ ìyàwó tí baálé ò kà sí

Boeing 747 ni bàálù náà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́ rí, ẹ ti rí i tó ń rọ̀ wálẹ̀ sí Ìkẹjà, tàbí ẹ ti rí i nínú fíìmù. Ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1969 ló kọ́kọ́ fò. Ṣùgbọ́n kí iké rẹ̀ tó lè yé wa, àfi ká mọ ohun tí gbogbo ayé ń lé nígbà náà.

Eré ni wọ́n ń lé. Bàálù jẹ́ẹ̀tì ti gbòde láti bí ọdún mẹ́wàá, gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ló sì gbà pé èyí tó kàn ni bàálù tí yóò máa sáré ju ìró lọ. Ìlú Ọba àti Faransé da owó pọ̀, wọ́n ń kan Concorde. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń kan Tu-144; tiwọn ló tilẹ̀ kọ́kọ́ fò, ọjọ́ tí ọdún 1968 parí gan-an. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ò fẹ́ kẹ́yìn, wọ́n gbé iṣẹ́ tiwọn fún Boeing.

Báyìí ni ọmọ ṣe di méjì nínú ilé Boeing. Èyí tí yóò sáré ju ìró lọ ni ààyò. Òun ni ìjọba ń náwó lé lórí, òun lẹnu gbogbo ayé wà lára rẹ̀. 747 ni ọmọ ìyàwó tí baálé ò kà sí. Joe Sutter ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn ẹnjiníà tó ń yà á. Pan Am, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti Amẹ́ríkà, ló bẹ iṣẹ́ náà: ní oṣù kẹrin 1966, wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn yóò ra 25, ní 525 mílíọ̀nù dọ́là. Bẹ́ẹ̀ Pan Am yìí kan náà ti kọ orúkọ sílẹ̀ de Concorde. Ẹni tó ń rà á àti ẹni tó ń tà á ló jọ gbà pé èrò ò ní pẹ́ fi í sílẹ̀ lọ bá èyí tó yára. Wọ́n fojú bù ú pé bí àwọn bá ta tó 400, ọjà rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Ọmọ tí a bá ti mọ̀ pé ayé lè kọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ kejì la máa ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ kejì tí wọ́n kọ́ bàálù yìí ni ẹrù.

Ibí ni mo kà dé lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo fi dìde jókòó lórí ibùsùn. Wọ́n ṣe inú rẹ̀ kó fẹ̀ tó ibi tí kọ̀ǹtéénà méjì lè jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Wọ́n ní imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí sókè bí ìdérí àpótí, kí ẹrù gígùn lè gba iwájú wọlé tààrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí imú bá wá ń ṣí, níbo ni awakọ̀ máa jókòó, nígbà tó jẹ́ pé ìdí imú gan-an ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú àwọn bàálù yòókù? Ni wọ́n bá gbé e gòkè, wọ́n kọ́ yàrá fún un lórí òrùlé. Yàrá tó bá sì yọ sókè lójijì báyẹn, afẹ́fẹ́ á máa dà á láàmú. Nítorí náà wọ́n fi òrùlé gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn títí tó fi bá ara yòókù dọ́gba.

Iké nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà, kì í ṣe àṣìṣe. Ìmúrasílẹ̀ de ọjọ́ tí èrò máa lọ ni.

Juan Trippe, ọ̀gá Pan Am, ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń fẹ́: èrò nísàlẹ̀, èrò lókè, láti iwájú títí dé ìdí. Sutter àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ò fara mọ́ ọn, torí wọ́n ń ro bí èrò òkè yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ bí wàhálà bá dé. Wọ́n fi pákó kan àpẹẹrẹ méjèèjì kalẹ̀, wọ́n ní kí ọ̀gá wá fojú ara rẹ̀ rí i. (Gbogbo aránṣọ ló mọ ọgbọ́n yìí. Oníbàárà tó bá ń bá ọ jiyàn lórí sítáì, má bá a fa ọ̀rọ̀. Gé pépà, gbé e lé e lára, sún dígí sọ́dọ̀ rẹ̀.) Trippe gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ó wo ilẹ̀. Ó wọ inú èyí tó fẹ̀, ó rìn ín já. Ó gbà. Lẹ́yìn náà ló gun ibi awakọ̀, ó sì rí àyè tó ṣófo lẹ́yìn ìjókòó wọn, nínú iké yẹn gan-an. Ó ní èrò ni yóò lò ó.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí. Àyè tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tí èrò máa lọ, èrò ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ di yàrá fàájì àwọn olówó, wọ́n gbé àtẹ̀gùn tó ń yí po síbẹ̀ tí wọ́n fi ń gòkè lọ mutí.

Ọjọ́ Àìkú méjì

Ọjọ́ Àìkú ni 9 oṣù kejì 1969. Everett ni, nítòsí Seattle, níbi tí Boeing ti gé igbó láti kọ́ ilé tó lè gba irú bàálù bẹ́ẹ̀. Jack Waddell ló wa ọkọ̀, Brien Wygle wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jess Wallick ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbéra. Ó lo wákàtí kan àti díẹ̀ lókè kí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a padà wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó farapa. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ò tán: gbèsè ti wọ Boeing lọ́rùn, ẹ́ńjìnnì náà ò sì tíì gún régé. Nígbà tó yá, àwọn bàálù tí wọ́n ti kàn tán ń tò síta láìní ẹ́ńjìnnì, ṣíṣù kọ̀ǹkéré ni wọ́n so sábẹ́ ìyẹ́ wọn kí wọ́n má baà fì. Ẹ fojú inú wò ó: bàálù tuntun, kọ̀ǹkéré lábẹ́ apá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú mìíràn, 2 oṣù kẹta, Concorde gbéra ní Toulouse. André Turcat ló wà á. Kò lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lókè, kò tilẹ̀ ká ẹsẹ̀ kò títí tó fi balẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ gba Faransé àti Ìlú Ọba kan.

Mo ti gbé fọ́tò àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fóònù. Concorde dà bíi lékeléke: funfun, ọrùn gígùn, imú tó lè tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ nígbà tó bá ń balẹ̀. 747 dà bí àkàlàmàgbò. N kò ní purọ́ fún yín. Ká ní mo wà láyé nígbà náà, tí wọ́n ní kí n yan èyí tí mo máa lọ wò, Toulouse ni mò ń lọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni lékeléke náà mọ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n dé góńgó. Ó lè gbé èrò láti New York dé London ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ há, èrò bí ọgọ́rùn-ún ló ń gbé; ẹrù wo lèèyàn fẹ́ kó sí i? Epo tó ń mu pọ̀. Bó bá ti ń sáré ju ìró lọ, ìbúgbàù tó ń tẹ̀lé e máa ń mi ilé ní ilẹ̀, ni Amẹ́ríkà bá fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn ní 1973. Ọdún yẹn kan náà ni Pan Am yí ohùn padà pé àwọn ò rà mọ́, òun náà ni epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n. Gbogbo Concorde tí wọ́n kàn láyé ò ju 20 lọ, 14 péré ló gbé èrò ta. Ti ààyò ilé Boeing tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1971 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà dá owó dúró, oyún wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ojú ọmọ.

Igi tí a fojú tín-ín-rín ní í gúnni lójú. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tì síbẹ̀, ṣùgbọ́n òwe yẹn ò tó fún un, nítorí kì í ṣe pé wọ́n kàn fojú tín-ín-rín 747. Wọ́n fojú tín-ín-rín rẹ̀, wọ́n sì tún gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sábà rìn pọ̀.

Pańla ní òru Uli

Ìmúrasílẹ̀ yẹn, inú àlá kọ́ ni wọ́n ti rí i. Àwọn ẹnjiníà wọ̀nyí ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bàálù tí èrò bá ti kẹ̀yìn sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ẹ̀rí ní 1969, ilẹ̀ wa níbí ni ẹ̀rí wà.

Ogun abẹ́lé ń lọ. Ní Uli, títì ọlọ́dà ni àwọn Biafra sọ di pápá bàálù. Òru nìkan ni ọkọ̀ ń balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á tan iná fírí, wọ́n á sì pa á. Àwọn ìjọ Ọlọ́run ń fò wá láti São Tomé, Red Cross ń fò wá láti Fernando Po àti Kútọnu. Kí ni wọ́n ń kó wá? Pańla, iyọ̀, wàrà ìyẹ̀fun. Kí ni wọ́n fi ń kó o? DC-7 wà níbẹ̀, Super Constellation wà níbẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú, àwọn bàálù wọ̀nyí ni ìran, àwọn ni olówó ń wọ̀ láti New York lọ sí London. Nígbà tó di òpin 1958 tí jẹ́ẹ̀tì wọlé, èrò sá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ọjà òkìrìkà. Ibi tí àga tìmùtìmù wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń to àpò pańla sí, wọ́n ń fò nínú òkùnkùn, wọ́n ń sá fún ìbọn. Ní oṣù kẹfà 1969, ọkọ̀ ogun òfurufú ìjọba àpapọ̀ já ọ̀kan nínú ọkọ̀ Red Cross lulẹ̀, DC-7 ni.

Bàbá mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ọdún yẹn. Bí ẹlòmíràn bá ní ọdún 1969 ni wọ́n tẹ ẹsẹ̀ sórí òṣùpá, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì dákẹ́. Èyí tí wọ́n ń rántí ni 20 oṣù kọkànlá, tí VC10 ti Nigeria Airways ń bọ̀ láti London, ó gba Róòmù, ó gba Kánò, ó sì já bọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ l'Ékòó. Gbogbo àwọn 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Wọ́n ní Ṣápọ́n ni àwọn wà tí rédíò kéde rẹ̀, tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì gbé àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín títì tí kò sì rántí gbé e mọ́.

Ní tiwa lábẹ́ Olúmọ, ọkọ̀ ẹrù tó di ti èèyàn kì í ṣe tuntun. Nítorí ẹrù oko làwọn òyìnbó ṣe la ojú irin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn ìyá wa ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láfẹ́ńwá ni màmá mi ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, ìdì àdìrẹ lábẹ́ ìjókòó, láfún nínú ọ̀rá, torí pé ọmọ Ẹ̀gbá ò lè fi oúnjẹ ẹlòmíràn rin ìrìn ọjọ́ méjì. Báàgì tó wà lọ́wọ́ wọn nínú fọ́tò Jeddah yẹn náà ńkọ́? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ Kùránì. Wọ́n tà á tán kí wọ́n tó dé Mẹ̀dínà. Èrò ni wọ́n, ẹrù sì ni wọ́n, nínú bàálù tó mọ iṣẹ́ méjèèjì. (Pápá bàálù tí wọ́n kọ́ sí Ìpẹru ní ìpínlẹ̀ wa náà, orúkọ ẹrù oko ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Mò ń wò ó.)

Àláwáńsì

Ọdún kẹta tí mo ṣe fúríídọ̀mù, oníbàárà kan gbé léèsì olówó ńlá wá, ó fẹ́ fi rán gáùn ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Aṣọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ tó, ó sì fẹ́ kó fún mọ́ òun lára. Bí ẹ bá mọ ìwà ọ̀dọ́, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo gé e lórí ìlà gan-an. N kò fi àláwáńsì sílẹ̀, ìyẹn aṣọ tí àwa aránṣọ máa ń ṣẹ́ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránṣọ, kó lè ṣeé tú lọ́jọ́ tí ara bá fẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ ara rẹ̀. Ó jó. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, oṣù méjì lẹ́yìn náà, sípù ò pa dé. Ara obìnrin náà ti fẹ̀ sí i díẹ̀, ìka méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pè mí lọ sí Ìbarà kíákíá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo yí inú aṣọ síta, mo ń wá àyè tí mo máa tú. Kò sí. Ojú ìránṣọ ni mo bá, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe la ẹ̀gbẹ́ aṣọ tuntun nìyẹn, tí mo fi aṣọ dúdú tí mo gé lára ìbòrí ẹnìkan di àlàfo méjèèjì. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ọwọ́ oníbàárà mi ò kúrò ní ìhà.

Màmá mi gbọ́. Wọn ò bá mi wí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ gbé ṣòkòtò ilé ìwé mi àtijọ́ jáde nínú àpótí, èyí tí mo wọ̀ láti Praimárì 2 títí dé 5. Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí wọ́n rán an. Ní ọdọọdún wọ́n á tú ìlà kan, ṣòkòtò á gùn sí i, á máa bá mi dàgbà. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ki bí ìrọ̀rí, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń pè mí ní Oníṣòkòtò Tìmùtìmù. Mo sunkún délé nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn olóye bá ń kọ ọ́ pé 747 jẹ́ bàálù tó rẹwà, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ tó ní àláwáńsì kì í jókòó sára bí èyí tí kò ní. Ó máa ń wú níbì kan, ojú máa ń rí i. Owó rẹ̀ ni èèyàn ń san níwájú, ẹ̀sín sì wà nínú owó náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè san án. Aṣọ tí kò tó, níbo la ti fẹ́ rí àyè ṣẹ́ sínú? Mo mọ àwọn obìnrin ní Ìtòkú yìí tí gbogbo ọjọ́ ayé wọn gé sórí ìlà: owó oúnjẹ òní ni wọ́n fi ra aró ọ̀la. Nígbà tí àdìrẹ ẹ̀rọ láti Ṣáínà kún ọjà, àwọn tó ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn ojú ìránṣọ ló rọ́nà gbà, àwọn tó ń kọ́ àlejò bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ, tàbí àwọn tó ní ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní abúlé. Àwọn yòókù, kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Léèsì ò tó ni. Boeing alára, gbèsè ni wọ́n fi ra àláwáńsì tiwọn, díẹ̀ ló sì kù kó pa wọ́n.

Ohun tó tún ń jọ mí lójú ni pé ohun tí wọ́n múra sílẹ̀ dè ò wá. Bàálù tó ń sáré ju ìró lọ ò gba èrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 747 ta 1,574 dípò 400. Èrò kún inú rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún: àwọn tó ń lọ kàwé ní London, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, màmá mi àti àdìrẹ wọn. Wọ́n múra de ọjọ́ kan, ọjọ́ mìíràn ló dé, ìmúra náà sì wúlò fún un. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń difá ọrọọrún.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ náà wá dé. Kì í ṣe bàálù tó yára ló mú un wá. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí kì í mu epo púpọ̀ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń yọ 747 kúrò nídìí gbígbé èrò. Concorde ti lọ láti 2003, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹ ti máa rí i. Wọ́n fa 747 tó kẹ́yìn lé ẹni tó rà á lọ́wọ́ ní Everett ní 31 oṣù kìíní 2023. Ọkọ̀ ẹrù ni, Atlas Air ló gbà á, imú rẹ̀ sì ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí, bí wọ́n ṣe yà á sórí pépà kí 1969 tó dé.

Ìdáhùn tí mo fún ọmọ

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gé e kúrú. Mo ní àwọn tó kàn án rò pé èrò máa fi í sílẹ̀, ni wọ́n bá kọ́ ọ ní ẹrù gbígbé, iké náà sì ni ibi tí awakọ̀ sá gùn kí ẹrù lè ráyè wọlé. Ó ronú sí i, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa sọ nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé.

Bùbá àdìrẹ Màmá ni ẹ̀gbọ́n mi gbé lọ́wọ́, èyí tí àwọn Màmá fúnra wọn rẹ lárò tí wọ́n sì rán. Àdúà ọdún kẹwàá wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ti gbìyànjú nílé, kò gba apá. "Ṣé o rí nǹkan ṣe sí i?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo inú rẹ̀ ná."

Mo yí i síta. Ìka mẹ́ta ni wọ́n ṣẹ́ sínú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ojú abẹ́rẹ́ wọn tẹ̀ lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé réésà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti abẹ́ apá. Ìta bùbá náà ti ṣá, oòrùn àti ọṣẹ ti fọ̀ ọ́ di àwọ̀ ojú ọ̀run àárọ̀. Ibi tí mo tú sílẹ̀, oòrùn ò rí i rí. Aró náà dúdú kirikiri níbẹ̀, bíi pé àná ni wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò. Ọmọ náà fi ìka tọ́ ọn, ó sì wo ìka rẹ̀ bóyá ó ràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọ̀ méjì ni yóò máa hàn. Ṣé ká tún un rẹ?"

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.